Òórùn aró tí màmá mi kì í gbọ́ mọ́: ṣé imú ló ti rẹ̀ ni, àbí ó ti mọ́ wọn lára?

ỌmọÌtòkú:

Ẹ kú ojúmọ́ o gbogbo ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa sàíkọ́lọ́jì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìdánwò wa ti sún mọ́lé lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe torí ìdánwò nìkan ni mo ṣe ń béèrè, ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn gan-an ni.

Àdìrẹ ni màmá mi ń ṣe ní Ìtòkú níbí, ní Abẹ́òkúta. Ìkòkò aró wà lẹ́yìnkùlé wa, ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á dé e sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan dáadáa kí wọ́n tó ki aṣọ bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe aró ewé rí á mọ irú òórùn tí mò ń sọ. Tí mo bá ti iléèwé dé lọ́jọ́ Jímọ̀, láti ìta ni òórùn yẹn á ti pàdé mi, màá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ bo imú. Àmọ́ tí mo bá ti wọlé, tí mo kí wọn, tí mo gbé báàgì kalẹ̀, tí mo jókòó ti oúnjẹ, kí n tó jẹun tán mi ò ní gbọ́ ọ mọ́. Ti màmá mi wá yàtọ̀, wọn kì í gbọ́ ọ rárá ni. Tí mo bá ní "Mọ́mì, aró yìí mà ń rùn lónìí o", wọ́n á ní "Òórùn wo?", wọn ò sì fi ṣàwàdà, mo máa ń wo ojú wọn, wọn ò gbọ́ nǹkan kan.

Ibi tó wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́ rèé. Màmá mi kan náà yìí, tí ìkòkò kan ò bá tíì dára, tàbí tí ọmọ iṣẹ́ wọn bá ti da omi eérú sí i jù, wọ́n á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ símú lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á ní "Èyí tó wà lápá ọ̀tún yẹn ò tíì jiná o, ẹ má kó aṣọ olówó sí i." Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣe agídí tó ki aṣọ bọ̀ ọ́, aṣọ á jáde ní ràkọ̀ràkọ̀, aró ò ní mú. Ẹni tó ní òun ò gbọ́ òórùn aró ló tún ń fi òórùn mọ aró tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?

Nóòtì tí wọ́n fún wa ní kíláàsì sọ pé sensory adaptation ni, pé imú ló ń rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá ní irọ́ ni, pé habituation ni, abẹ́ learning ló yẹ kó wà. Ẹlòmíì ní perception ni, pé ọpọlọ ni ò kọbi ara sí i. Èwo ni kí n mú? Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.


TíṣàÒṣíẹ̀lẹ̀:

Àbúrò mi, o kú ìbéèrè. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nǹkan mẹ́ta ló ń ṣẹlẹ̀ nílé yín, kálukú wá mú ọ̀kan. Jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀, torí ìyàsọ́tọ̀ yẹn gan-an ni gbogbo kọ́ọ̀sì yìí dá lé.

Ohun tó bá ń rùn máa ń tú èérún kéékèèké sínú afẹ́fẹ́. Tá a bá mí sínú, àwọn èérún yẹn á lọ kan awọ kan tó wà lókè téńté nínú imú, ibẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba òórùn wà. Linda Buck àti Richard Axel ló tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́dún 1991, wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 2004. Oríṣi ohun agbòórùn tó wà nímú èèyàn tó nǹkan bí 400, òórùn kan ṣoṣo sì lè kan ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó kàn àti èyí tí kò kàn ni ọpọlọ fi ń mọ̀ pé irú lèyí, ọsàn lèyí. Gbígbà tí sẹ́ẹ̀lì gbà á tó sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sókè, òun ni sensation. Kí ọpọlọ wá sọ pé "aró nìyí, kò sì tíì jiná", ìyẹn ti di perception.

Ó yá, ìwọ tó o wọlé tó o jẹun tí o ò gbọ́ mọ́. Inú sẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an ni tìẹ ti pọ̀ jù. Tí òórùn bá kàn án, àwọn ẹnu ọ̀nà tíntìntín kan á ṣí lára ẹ̀, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kálísíọ̀mù á wọlé, kálísíọ̀mù tó wọlé yìí náà ló tún máa jẹ́ kó ṣòro fún ẹnu ọ̀nà yẹn láti ṣí bíi ti àkọ́kọ́. Òórùn ṣì wà níbẹ̀ o, sẹ́ẹ̀lì ni kò dáhùn tó bó ṣe ń dáhùn mọ́. Sensory adaptation nìyẹn, kò sì sí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀. Bọ́ síta lọ gba atẹ́gùn, tó o bá padà wọlé wàá tún gbọ́ ọ.

Habituation ní tiẹ̀, sẹ́ẹ̀lì imú lè máa dáhùn kó máa ránṣẹ́, àwọn tó wà lókè ni wọn ò kà á sí mọ́ torí nǹkan náà ti wáyé láìmọye ìgbà tí kò sì mú ire tàbí ibi wá. Ẹ̀kọ́ ni, ẹ̀kọ́ tó rọrùn jù lọ tí ẹ̀dá lè kọ́. Eric Kandel fi ẹ̀dá inú òkun kan tó dà bí ìgbín tí kò ní ìkarahun, Aplysia lorúkọ ẹ̀, wádìí ẹ̀. Tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án á fa ẹ̀yà tó fi ń mí wọlé, wọ́n bá ń kàn án ṣáá, nígbà tó yá kò fà á wọlé tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ibi tí iṣan kan ti ń fi ìròyìn lé èkejì lọ́wọ́ ni iṣẹ́ ti dín kù. Ìwádìí yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó gba Nobel ní 2000.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ èwo lèwo? Ibí yìí ni mo fẹ́ kó o fọkàn sí torí òun ni wọ́n máa ń fi bi yín lábẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ habituation, tí nǹkan mìíràn bá ṣẹlẹ̀ lójijì, ariwo, tàbí òórùn tuntun kan gba ibẹ̀ kọjá, ẹni náà á tún padà máa dáhùn sí èyí àtijọ́. Dishabituation ni wọ́n ń pè é. Tó bá jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ló ti dẹwọ́, ariwo kankan ò lè mú un padà, àfi kó sinmi. Richard Thompson àti William Spencer ló to àwọn àmì yìí jọ lọ́dún 1966, títí dòní òun la ṣì ń lò.

Ti màmá ẹ wá tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, torí wọ́n ń gbé inú òórùn yẹn ni. Ní 1996, Pamela Dalton àti Charles Wysocki ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, fi nǹkan olóòórùn kan sínú ilé àwọn èèyàn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n padà dán imú wọn wò, imú ò tètè gbọ́ òórùn yẹn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti kó o kúrò nílé. Òórùn mìíràn tí kò sí nílé wọn, wọ́n ń gbọ́ ọ bó ṣe yẹ. Nítorí náà tí màmá bá lọ ṣe ọdún ní Ìbàdàn tí wọ́n dé, wọ́n lè gbọ́ aró díẹ̀ o, àmọ́ má retí pé wọ́n á gbọ́ ọ bíi tìẹ.

Mò ń bọ̀ wá sórí bí wọ́n ṣe ń fi imú mọ ìkòkò tí kò jiná, kíláàsì ń dúró dè mí báyìí.


Ẹlẹ́jaKútọ̀:

Ẹ ṣeun Tíṣà, ẹ ti la ojú mi. Ẹja yíyan ni mò ń tà ní Kútọ̀, mi ò gbọ́ òórùn ẹja lára mi rí láyé mi, àmọ́ tí mo bá wọ kẹ̀kẹ́ lálẹ́ màá rí i tí ẹni tó jókòó tì mí á rọra yíjú sí ẹ̀gbẹ́, ó sì máa ń dùn mí. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé kì í ṣe ìwà ọ̀dájú, èmi ni imú mi ò sọ fún mi.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni gáàsì ìdáná. Gáàsì jò nílé àwọn ará àdúgbò wa kan, bàbá àti ọmọ wà nínú pálọ̀ tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù, wọ́n ní àwọn kọ́kọ́ gbọ́ òórùn kan àmọ́ ó ti lọ. Ìyàwó ló ti ọjà dé tó kígbe pé gbogbo ilé ti kún fún gáàsì. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ṣé nǹkan kan náà nìyẹn?


Nọ́ọ̀sìAké:

Ìyá wa ní Kútọ̀, nǹkan kan náà ni, ẹ sì kú orí ire lórí àwọn ará àdúgbò yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé gbogbo èèyàn: gáàsì ìdáná fúnra ẹ̀ kò ní òórùn, wọ́n ń fi nǹkan olóòórùn burúkú sí i ni kéèyàn lè tètè mọ̀ tó bá ń jò. Àmọ́ imú tó bá ti wà nínú ẹ̀ látìgbà tó ti ń jò díẹ̀díẹ̀ á ti dẹwọ́ kí gáàsì tó pọ̀ nínú ilé. Fún ìdí yìí, tẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì tó sì dà bíi pé ó ti lọ, ẹ má sọ pé ó ti lọ. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ pa ẹnu sílíńdà, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa á, ẹ má fọwọ́ kan súwíìṣì kankan, kí gbogbo èèyàn bọ́ síta. Ẹni tó ti ìta wá ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe ẹni tó ti ń jókòó síbẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀ burú ju ìyẹn lọ, torí carbon monoxide tó wà nínú ẹ̀ kò ní òórùn rárá, kò sí imú tó lè kìlọ̀ fún èèyàn nípa ẹ̀, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láéláé.

Ọmọ Ìtòkú, mo fẹ́ kó o ṣe nǹkan kan kó o tó gbà pé adaptation ni gbogbo ọ̀rọ̀ màmá. Mú irú, mú ewé efinrin tó o ti fọwọ́ ra, mú èèpo ọsàn. Jẹ́ kí wọ́n di ojú, kí wọ́n fìka di ihò imú kan, kó o gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sún mọ́ èkejì kí wọ́n dárúkọ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ ihò imú. Tí wọ́n bá mọ gbogbo ẹ̀, tó jẹ́ aró nìkan ni wọn ò gbọ́, ọkàn ẹ balẹ̀. Tí wọn ò bá gbọ́ èyíkéyìí, ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ọjọ́ orí lè dín agbára imú kù, ẹran tó hù sínú imú lè dí i, ìṣubú tó kan orí lè já àwọn iṣan tó ń gbé òórùn lọ, àìsàn Kòrónà tó dé ní 2020 náà gba òórùn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó jẹ́ pé àwọn kan ò tíì rí i gbà padà. Àìsàn Parkinson tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n náà, imú lè kọ́kọ́ fi í hàn ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ohun kan tún kù. Ẹ má fi kẹ́míkà tó ń tani nímú dán imú wò. Títa yẹn ò gba ọ̀nà òórùn, iṣan ojú mìíràn ló ń gbé e, òun náà ló ń jẹ́ kí àlùbọ́sà pa wá lẹ́kún tí ata sì ń ta wá lẹ́nu. Ẹni tí kò gbọ́ òórùn kankan mọ́ ṣì lè sún imú kì tẹ́ ẹ bá gbé nǹkan tó ń ta sí i.


AláróLáfẹ́nwá:

Mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ aró ni mo jogún, ìyá mi ṣe é, ìyá tó bí ìyá mi ṣe é. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ó dùn mọ́ mi, àmọ́ mo fẹ́ tún ibì kan ṣe fún yín.

Ẹ̀ ń sọ ọ́ bíi pé imú aláró ti kú. Kò kú. Ohun tẹ́ ẹ̀yin ń gbọ́ tẹ́ ẹ fi ń bo imú, ìyẹn ni àwa ò gbọ́ mọ́, àmọ́ a máa ń gbọ́ ohun tí ẹ̀yin ò lè gbọ́. Ìkòkò tí ẹ̀lú ẹ̀ ò tíì kan, òórùn ewé tútù ṣì wà nínú ẹ̀. Èyí tó jiná, òórùn ẹ̀ wúwo, ó sì ní adùn díẹ̀ nídìí. Èyí tó ti kọjá àkókò á kan ní kíkan tó burú, ìyẹn ti lọ nìyẹn. Imú nìkan kọ́ o, a ó wo ìhó orí ẹ̀ bóyá ó ń dán bíi bàbà, a ó ki aṣọ kékeré bọ̀ ọ́, tó bá jáde tó ní àwọ̀ ewé tó sì di aró lójú wa bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i, ó ti yá nìyẹn. Àmọ́ imú ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa.

Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbi iṣẹ́, gbogbo ìkòkò ló ń rùn bákan náà lójú ẹ̀, òun á ní "Mọ̀ǹmọ́, gbogbo ẹ̀ ló ń rùn." Mi ò ní bá a jà. Màá gbé e dúró láàárín ìkòkò méjì, èyí tó jiná àti èyí tí kò jiná, màá ní kó gbóòórùn èyí kó gbóòórùn ìyẹn, kó lọ síta kó tún padà wá. Mi ò ní sọ fún un pé òórùn báyìí báyìí ló yẹ kó gbọ́, torí ẹnu ò lè sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan á kàn sọ fúnra ẹ̀ pé "Èyí ti yá." Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìkòkò kan ṣòfò, tí wọ́n fi aṣọ oníbàárà bàjẹ́ sí i lọ́wọ́, tí ojú ẹ̀ já a, irú wọn ló máa ń tètè mọ̀ ọ́n.

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń pe ìyẹn nínú ìwé?


TíṣàÒṣíẹ̀lẹ̀:

Ìyá mi, ẹ ti ṣe iṣẹ́ mi fún mi. Perceptual learning là ń pè é, kéèyàn kọ́ bó ṣe máa rí ìyàtọ̀, tàbí gbọ́ ọ, níbi tí ojú tàbí imú àwọn yòókù ò ti rí nǹkan kan. Eleanor Gibson ló fi ayé ẹ̀ ṣe é. Òun àti ọkọ ẹ̀ James Gibson kọ nípa ẹ̀ ní 1955. Wọ́n ya àwòrán kan tó lọ́ wínníwínní, wọ́n fi han àwọn èèyàn, wọ́n wá pò ó mọ́ àwọn mìíràn tó jọ ọ́ gidi gan-an, wọ́n ní kí wọ́n máa sọ èyí tó jẹ́ òun gan-an. Níbẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ jọra lójú wọn. Bí wọ́n ṣe ń wò ó léraléra, ojú wọn ń là, àwọn èyí tí wọ́n ń ṣì mú ń dín kù, bẹ́ẹ̀ wọn ò sọ fún wọn pé wọ́n gbà á tàbí wọ́n ṣì í. Ìyẹn lẹ̀ ń ṣe pẹ̀lú ìkòkò méjì yẹn. Ẹ gbé méjèèjì sún mọ́ra kí ìyàtọ̀ wọn lè hàn, ẹ sì ń rán ọmọ lọ síta kí imú ẹ̀ lè sinmi, kó má di pé adaptation á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sí ohun tí mo máa fi kún un.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ tún sọ kẹ́yìn nípa ọmọ tí ìkòkò ti bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ló gbé mi dìde lórí àga. Ní 2008, Wen Li, Jay Gottfried àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Northwestern, ní Amẹ́ríkà, mú òórùn méjì tí imú èèyàn ò lè yà sọ́tọ̀ rárá, èérún wọn rí bákan náà, àfi pé ọ̀kan yí padà sí èkejì bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe yí padà sí ọwọ́ òsì. Wọ́n ń fi ọ̀kan nínú ẹ̀ sí àwọn èèyàn nímú, wọ́n á sì fi iná mànàmáná díẹ̀ ta wọ́n lára pẹ̀lú ẹ̀. Èkejì ẹ̀, wọn ò ta wọ́n. Èyí ni ọ̀nà tí Pavlov, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Rọ́ṣíà, gbà kọ́ ajá ẹ̀, nǹkan méjì tó ń rìn pọ̀: ariwo á dún, oúnjẹ á tẹ̀ lé e, títí itọ́ fi ń dà lẹ́nu ajá tó bá ti gbọ́ ariwo nìkan. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, àwọn èèyàn náà ti ń ya òórùn méjèèjì sọ́tọ̀! Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ wọn, ibi tí òórùn ń gúnlẹ̀ sí lórí ọpọlọ náà ti ń ṣe méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Imú kan náà ni o, kò sí ohun tó yí padà nínú òórùn. Ẹ̀kọ́ ló wọ inú gbígbọ́ lọ tó sì tún un ṣe. Ohun tí àwọn ìyá aláró ti ń rí lójú iṣẹ́ láti ìran dé ìran nìyẹn.

Wàyí o, ỌmọÌtòkú, ìdáhùn ẹ rèé. Tìẹ tó o wọlé tí òórùn lọ kó o tó jẹun tán, kọ sensory adaptation, abẹ́ sensation. Ti màmá tí wọ́n ní "Òórùn wo?", adaptation ọlọ́jọ́ pípẹ́ wà níbẹ̀, habituation wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, tí olùkọ́ yín bá fẹ́ kẹ́ ẹ yan ọ̀kan, kọ méjèèjì kó o sì sọ bó o ṣe máa yà wọ́n. Ti ìkòkò tí kò jiná, perceptual learning ni. Fi èyí kún un pé ohun téèyàn gbà gbọ́ nípa òórùn náà ń darí bó ṣe máa gbọ́ ọ. Dalton yìí kan náà, ní 1996 yẹn náà, kó àwọn èèyàn sí yàrá tó ní òórùn kan. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé ohun àdáyébá tó ń ṣara lóore ni, fún àwọn kan pé kẹ́míkà tó lè pani lára ni, fún ìyókù pé òórùn tí wọ́n sábà máa ń lò fún ìwádìí ni. Òórùn kan náà ni gbogbo wọn ń fà símú. Àwọn tí wọ́n ní ó ń ṣara lóore ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi lọ sílẹ̀, àwọn tí wọ́n ní ó léwu ò rí i kó lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wo màmá ẹ wàyí. Òórùn aró ni owó iléèwé ẹ, òun ni oúnjẹ yín. Ìwọ tí o ń ti iléèwé bọ̀, ìdọ̀tí lo kà á sí. Ẹ̀yin méjèèjì ò gbọ́ òórùn kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀.


ỌmọÌtòkú:

Ẹ ṣé gan-an sà, ẹ ṣeun màmá wa ní Láfẹ́nwá, ẹ ṣeun Nọ́ọ̀sì. Mo ti gbé irú àti efinrin fún Mọ́mì, kí n tó gbé e dé imú ni wọ́n ti dárúkọ ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ní irú yẹn ti pẹ́, kí n má fi se ọbẹ̀. Ihò imú méjèèjì ló ṣiṣẹ́, ọkàn mi ti balẹ̀.

Sà, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n tún bi yín lọ́kan. Àbúrò mi ọkùnrin jẹ ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ kan, ibà gbé e dè lóru yẹn, ó bì gbogbo ẹ̀. Ibà ló ṣe é o, dókítà sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la sì jẹ nínú ẹ̀wà yẹn tí nǹkan kan ò ṣe wá. Látìgbà yẹn tó bá ti gbọ́ òórùn ẹ̀wà báyìí ara ẹ̀ á máa rìn ín. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀wà. Kí ló dé tí ọgbọ́n orí ẹ̀ ò lè ràn án lọ́wọ́? Kí ló sì dé tó fi jẹ́ ìgbà kan ṣoṣo, nígbà tí ajá Pavlov ń gba ọ̀pọ̀ ìgbà?


TíṣàÒṣíẹ̀lẹ̀:

John Garcia ló dá ìbéèrè yẹn lóhùn. Ní 1966 òun àti Robert Koelling fún àwọn èkúté ní omi dídùn mu, bí wọ́n bá ṣe ń mu ún iná á máa ṣẹ́jú, ariwo á máa dún. Wọ́n wá ṣe é kí inú rú àwọn kan nínú wọn, wọ́n sì fi iná mànàmáná ta àwọn yòókù lẹ́sẹ̀. Àwọn tí inú wọn rú sá fún adùn omi, wọn ò bìkítà fún iná àti ariwo. Àwọn tí wọ́n ta lẹ́sẹ̀ sá fún iná àti ariwo, wọ́n ń mu omi dídùn lọ ní tiwọn. Ara ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun tó gba ẹnu wọlé ló sábà máa ń da inú rú, torí náà ẹ̀ẹ̀kan ti tó, kódà kí wákàtí mélòó kan wà láàárín oúnjẹ àti èébì. Ẹran tó bá ń dúró kí májèlé kọ́ òun lẹ́ẹ̀mẹwàá kò ní pẹ́ láyé. Ìyẹn ni kò fi dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ọgbọ́n orí. Ilene Bernstein rí irú ẹ̀ lára àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ ní 1978: wọ́n fún wọn ní áísìkíriìmù kan tí adùn ẹ̀ ṣàjèjì kí wọ́n tó gba oògùn tó máa ń mú wọn bì, àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ áísìkíriìmù yẹn lẹ́yìn ìgbà náà.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe: ẹ má fipá bọ́ ọ, ẹ má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa wà nítòsí nígbà tẹ́ ẹ bá ń jẹ ẹ̀wà nígbà tí ara ẹ̀ le, kó gbóòórùn ẹ̀ láti òkèèrè, nígbà tó bá yá kó tọ́ ọ wò díẹ̀ tó bá wù ú. Tí òórùn ẹ̀wà bá ń wá tí inú rírú ò tẹ̀ lé e, ìsopọ̀ yẹn á máa tú díẹ̀díẹ̀, extinction ni Pavlov pè é. Àmọ́ kí ìyá yín mọ̀ o, ó lè jẹun lọ́sẹ̀ yìí láìsí wàhálà kó tún kọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Pavlov rí i lára ajá ẹ̀ pé ohun tó ti pa rẹ́ tún máa ń yọjú lẹ́yìn ìsinmi, tí wọ́n bá tún ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà á sì máa lọ sílẹ̀ sí i. Kí wọ́n má bá a wí lọ́jọ́ tó bá kọ̀ ọ́, kí wọ́n fún un ní nǹkan mìíràn jẹ.